Kí Irun Mi Tó Kan Èjìká

Ẹ wá ibi jókòó sí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó pọnmọ, kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ wà lórí iná, kó lọ gbé e kúrò, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Ọdún kan péré ni mo fẹ́ sọ. Ọdún náà ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, tí àwọn àgbà Ajégúnlẹ̀ fi ń dúró létí ọ̀nà bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń lọ rà. Àwọn ẹlòmíràn á fi ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn ṣe àmì ọdún náà. Irun orí mi ni èmi fi ṣàmì rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, irun náà kò ju ohun tí ìka méjì lè fà lọ. Nígbà tó fi máa parí, mo ti mọ ohun tó yẹ kí ọmọ dàgbà díẹ̀ sí i kó tó mọ̀.

Èbúté Àpápá ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń ka àpò sìmẹ́ńtì bí àwọn alágbàrù ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi, bí wọ́n bá sì délé nírọ̀lẹ́, ìpéǹpéjú wọn á funfun bíi ti arúgbó. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú wọn lọ. Bí àṣà ilé wọn, orí èmi tí mo jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n fá kodoro lọ́jọ́ ìsìnkú. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni màmá mi di ẹrù wa sínú àpótí páànù kan, tí wọ́n mú mi lọ sí Ajégúnlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí wọn lọ́mọ. Ìyá Aládìn ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, torí àdín ni wọ́n ń sè tí wọ́n ń tà, àdín àgbọn àti àdín dúdú, àti gbogbo ohun tí obìnrin lè fi para orí. Màmá mi sọ fún mi pé Kàdúná làwọn ń lọ, pé àwọn fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé wọn kì í gba ọmọdé sí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi mí sáàárín ẹsẹ̀. Irun ò tí ì tó dì, síbẹ̀ wọ́n ń fà á, wọ́n ń fọwọ́ wá ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, “Àjọkẹ́, kí irun ẹ tó kan èjìká, mo ti dé.” Wọ́n wá wọ mọ́tò. Wọn ò wẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n wẹ̀yìn lásìkò tí mo ń nu ojú. Mi ò lè búra sí i.

Ẹ mọ bí ọmọdé ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Àgbà á sọ ọ́ kí ẹnu lè rí nǹkan sọ, ọmọdé á gbé e pamọ́ bí àdéhùn. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí màmá mi bá gbọdọ̀ dé kí irun tó kan èjìká, a jẹ́ pé bí irun bá ṣe yára tó làwọn náà máa yára tó. Ọwọ́ mi lọ̀rọ̀ kù sí. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, ó lè bàjẹ́.

Ilé Ìyá Aládìn jẹ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, kọ́rídọ̀ gba àárín kọjá, ilé ìdáná onípáànù sì wà lẹ́yìn. Kò sí ẹ̀yà tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jí ní ilé yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni pè é: fèrè ọkọ̀ ojú omi á dún láti Àpápá, á gùn, á wọlé bí ohùn màlúù ńlá, okùn kànga á máa ké, rédíò á máa sọ̀rọ̀ nínú yàrá méjì, èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ ó gbọ́ rìkìrìkì, rìkìrìkì, àgbọn tí Ìyá ń rin lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu. Àwọn ọmọ ilé yẹn pọ̀. Wọ́n ń jà lórí omi, wọ́n ń jà lórí ìgbálẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń fa àbúrò létí. Ohun tó ń ká mi lára ni pé èmi ò rẹ́ni bá jà. Bí mo bá gbá ọ̀dọ̀ tèmi tán, mo tún ti dúró. Ọ̀sán Sátidé ló burú jù. Ìgbà náà làwọn ìyá máa ń tẹ́ ẹní sí kọ́rídọ̀, tí ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan á gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, tí òòyà á máa wọ inú irun, tí àwọn ọmọ á máa sunkún, tí àwọn ìyá á máa gbá wọn lórí pé kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Mo máa ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Gbígbá yẹn gan-an ni mo ń ṣe ìlara rẹ̀.

Ìyá kò burú sí mi. Ẹ má gbọ́ ọ ṣì. Wọ́n jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni, wọn ò bímọ rí, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé ṣeré. Gèlè wọn kì í kúrò lórí. Bí wọ́n jí, ó ti wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ wẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú orí gbogbo ayé, mi ò mọ àwọ̀ irun tiwọn. Ohun tí wọ́n lè fún mi ni iṣẹ́, wọ́n sì fún mi. Àwọn ọlọ́kọ̀ á gbé àgbọn wá láti Àgbádárìgì, èmi á bó o, Ìyá á fọ́ ọ, àá rin ín, àá pò ó mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, àá fún oje rẹ̀ síta, àá gbé e kalẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ohun tó bá léfòó bí ọ̀rá lójú rẹ̀ la máa bù sínú ìkòkò irin. Iná kékeré ni. Á kọ́kọ́ máa hó, á máa ta, á máa pariwo. Ìyá á ní kí n má fi ojú wò ó, kí n fi etí wò ó. “Epo tó bá ṣì ń pariwo, omi ṣì wà nínú ẹ̀. Tó o bá gbé e sọ̀ báyẹn, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì á ti máa rùn lórí olórí.” Nítorí náà mo máa ń jókòó tì í. Díẹ̀ díẹ̀ ariwo á máa rẹlẹ̀, títí á fi dákẹ́, tí epo á mọ́ kedere, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á pọ́n nísàlẹ̀ bí oyin. A máa ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn jẹ gàrí. Ó dùn, ó ń rún lẹ́nu. Mo ti jẹ oúnjẹ olówó ńlá láyé yìí, mi ò tí ì rí ohun tó dùn tó o. Ṣùgbọ́n èmi àti Ìyá á jẹ ẹ́ tán láìsọ gbólóhùn kan, bí ẹni méjì tó ń dúró de ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ibùdókọ̀ kan náà.

Tí obìnrin bá wá ra nǹkan para irun, Ìyá kì í dá a lóhùn títí wọ́n á fi rí orí rẹ̀. Wọ́n á ní kó tú gèlè, wọ́n á fi omi díẹ̀ tọ́ irun, wọ́n á fi ìka méjì ra á. “Irun tìẹ ń mumi bí iyanrìn,” wọ́n á wí fún ẹnì kan. Ìyẹn á gba òrí, kó fi omi wọ́n irun kó tó fi í pa á, kí omi má baà sá lọ. “Tìẹ ń kọ omi bí ewé kókò,” wọ́n á wí fún ẹlòmíràn. Ìyẹn á gba àdín àgbọn, díẹ̀ báyìí, kó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó pa á, torí òrí máa wúwo lórí irú irun bẹ́ẹ̀, á kàn máa kó eruku jọ ni. Ẹni tí orí ń yún, tí èépá wà lórí rẹ̀, àdín dúdú tí wọ́n fi èkùrọ́ sè, bó ti wù kó rùn tó. Ẹni tí iwájú orí rẹ̀ ti ń pá nítorí dídì tó le, epo làrà, kó fi ìka kan péré ra á síbẹ̀ láràárọ̀, kó sì sọ fún onídìrí rẹ̀ pé orí kì í ṣe ìlù tí à ń fa awọ rẹ̀. Ọmọge kan wá lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ èyí tó máa jẹ́ kí irun òun máa dán, kó máa ṣàn sílẹ̀ bí irun obìnrin inú fíìmù Íńdíà. Ìyá wò ó. “Ṣé Íńdíà ni wọ́n bí ẹ sí?” “Rárá, mà, Ìkòròdú ni.” “A jẹ́ pé irun Ìkòròdú la máa tọ́jú.” Màmá Ẹ̀bí tó ń gbé yàrá kejì sí wa rẹ́rìn-ín títí ẹja tí wọ́n ń yan fi jóná.

Èmi náà béèrè. Mo dúró dìgbà tí a ń dé ìdérí igo, mo ní, “Ìyá, nínú gbogbo ẹ̀, èwo ló ń mú irun gùn kíákíá?”

“Kò sí.”

“Kò sí kankan, mà?”

“Epo kì í mú irun hù. Orí ló ń hù ú. Iṣẹ́ epo ni kó máa ṣọ́ èyí tó ti hù, kó má gbẹ, kó má já. Kí lo fẹ́ fi irun gígùn ṣe, ọmọ ọdún mẹ́jọ?”

Mo ní kò sí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà wọ́n gbọ́. Mo rò pé àṣírí ọjà ni, pé àgbà kì í sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọdé. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ epo para nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan àdín àgbọn, ọ̀sẹ̀ kan òrí, ọ̀sẹ̀ kan làrà tó lẹ̀ bí omi àtè. Nígbà tí mo rí i pé ó ń pẹ́, mo pò wọ́n pọ̀. Epo ń ṣàn sí mi létí. Ìrọ̀rí mi pọ́n, èèrà tẹ̀ lé mi délé ìwé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ mí ní Orí Àkàrà, orúkọ náà sì mọ́ mi lára débi pé tíṣà pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìmọ̀. Màmá Ẹ̀bí, tí Yorùbá àti Pídgìn máa ń wọ́ pọ̀ lẹ́nu wọn, wò mí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń kọjá lọ, wọ́n ké sí Ìyá pé, “Ìyá Aládìn, ẹ gbé dis pikin sórí iná, ẹ ò ní need òróró, e go fry himself.” Ìyá wò mí láti òkè délẹ̀. Wọn ò nà mí. Wọ́n bu omi gbígbóná, wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ orí mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá fi ìka méjì ra á bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ti àwọn oníbàárà. “Àdín àgbọn nìkan ló bá ọ mu,” wọ́n wí. “Ìwọ̀n èékánná kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èmi ni n ó máa pa á fún ọ.” Láti ọjọ́ yẹn ni irun mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ń dán bí ìyẹ́ ẹyẹ àparò lẹ́yìn òjò. Mo rò pé mo ti borí wọn, pé wọ́n ti fún mi ní èyí tó ń mú un gùn.

Ní Sátidé tó bá parí oṣù, èmi àti Ìyá máa ń gbé igo àdín lọ sí GRA ní Àpápá, lọ́dọ̀ Ìyáàfin Káyọ̀dé, ìyàwó ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín. Creek Road la máa gbà, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí àti àwọn tírélà tó tò sílẹ̀ bí erin tó sùn. Tí a bá fẹ́ sọdá, Ìyá á wo òsì, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á tún wo òsì, wọ́n á wá di ọwọ́ mi mú. “Wọ́n yí mọ́tò padà,” wọ́n máa ń wí, “wọn ò yí ọrùn wa padà.” Ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n máa ń di ọwọ́ mi mú, mo sì máa ń gbàdúrà pé kí tírélà pọ̀.

Bí a bá ti wọ àdúgbò yẹn, ariwo á parí. Igi bo òpópónà, dẹ́rẹ́bà ń nu mọ́tò, ilé jìnnà sí ilé. Ìyáàfin Káyọ̀dé nìkan la máa ń bá nínú ilé ńlá náà. Ọkọ wà níbi iṣẹ́, àwọn ọmọ wà nílé ìwé tí wọ́n ń sùn sí. Èèyàn lè gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń mí. Wọ́n ti fi kóòmù irin tí wọ́n ń ki bọ iná sun irun wọn fún ọdún púpọ̀, tó fi ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wíìgì mẹ́ta ló dúró lórí tábìlì dígí wọn bí orí àwọn àlejò tí kò sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ràn kí n máa bá wọn fi epo ra orí, wọ́n ní ọwọ́ mi tutù.

“Irun tí ẹ ti fi iná sun, mà,” Ìyá wí fún wọn, “mo lè fi epo tù ú nínú. Mi ò lè jí i dìde.”

“Kí wá ni ká ṣe, Màmá?”

“Ẹ gé èyí tó jóná. Ẹ jẹ́ kí orí tún ti ìbẹ̀rẹ̀ wá.”

Ó gbà wọ́n tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó gbà. Ọjọ́ tí wọ́n gé e, ojú wa ló ṣe. Wọ́n di sísọ́ọ̀sì mú fúnra wọn, wọ́n ń gé e bọ́ sórí ìwé ìròyìn, Ìyá sì ní kí n ṣa gbogbo rẹ̀ jọ, kó má ku ẹyọ kan, torí irun orí èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ìyáàfin Káyọ̀dé rí i pé mò ń wo àwọn tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní, “Kò dunni, Àjọkẹ́. Irun ò mọ ìgbà tí wọ́n gé e.” Wọ́n fún mi ní bisikíìtì. Wọ́n wá béèrè pé, “Màmá ẹ ńkọ́? Níbo ni wọ́n wà?” Mo ní, “Wọ́n ń bọ̀, mà.” Ìyá kàn ń yí ìdérí igo kan tó ti le tẹ́lẹ̀, wọ́n ń yí i, wọ́n ń yí i. Mo rí i. Ọmọdé máa ń rí nǹkan, kì í kàn mọ ibi tó máa gbé e sí ni.

Nígbà tí Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa kù ọ̀sẹ̀ kan, Ìyá ní àwọn máa kó irun mi. Òwú dúdú ni wọ́n fi kó o, wọ́n ń yí òwú mọ́ ìdì irun kọ̀ọ̀kan látìdí dé ṣóńṣó, ó dúró gan-an lórí mi bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Mo fi ṣe Ìkórè, mo wọ bàtà tó ń ta mí, mo gbé ọsàn márùn-ún lọ síwájú pẹpẹ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìyá tú u fún mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, oníbàárà kan pè wọ́n síwájú ilé. Wọ́n ní kí n dúró. Mo fọwọ́ kan ìpàkọ́ mi. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò dà bí irun mi. Ẹ ṣáà mọ irun tiwa: ó máa ń ká, á sáré padà sídìí, èèyàn á rò pé kò gùn. Òwú ti na tèmi fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wọlé, mo gbé dígí kékeré tó wà lójú fèrèsé, mo yí ọrùn. Irun ìpàkọ́ mi ti sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́jú, ó ń dán, ó sì sinmi lé èjìká mi.

Mo dúró níbẹ̀ tí mo ń gbọ́ ohùn Ìyá níwájú ilé, tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà kan pé kó má fi òrí sínú oòrùn. Irun ti dé. Màmá mi ò dé. Èmi ni mo fi epo sáré fún un, èmi ni mo jẹ́ kó ṣáájú wọn. Ní báyìí tí wọ́n bá wọlé lọ́la, wọ́n á rí i pé àwọn pẹ́, ojú á tì wọ́n, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ padà lọ. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo mú sísọ́ọ̀sì tí Ìyá fi ń gé òwú, mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e láti ìpàkọ́ lọ síwájú, ìdì kan, ìdì kan. Òótọ́ ni Ìyáàfin Káyọ̀dé sọ, kò dunni. Mo ṣa gbogbo rẹ̀ sínú àwo.

Ibẹ̀ ni Ìyá bá mi. Wọ́n wo orí mi tó rí gbágungbàgun, wọ́n wo àwo.

“Ta ló gé e?”

“Èmi ni, mà.”

“Ṣé iná orí lo kó?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé ẹnì kan fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni?”

“Rárá, mà.”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Ó ti kan èjìká.”

“Irun tó kan èjìká la máa ń gé?”

Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́. “Màámi ní kó tó kan èjìká, àwọn á ti dé. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n pa. Mo gé e kí àyè lè ṣì wà fún wọn.”

Ìyá jókòó sórí ìdì èèpo àgbọn. Wọn ò jókòó síbẹ̀ rí, torí ó ń gúnni. Mo rò pé wọ́n ń wá ẹgba tí wọ́n máa fi nà mí. Ìgbà tí wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n mú àpòòwé kan jáde láti abẹ́ ìbùsùn, wọ́n nà án sí mi. “Akọ̀wé ìjọ ló kà á fún mi nígbà tó dé. Ìwọ náà ti ń kàwé. Mo ti fi í pamọ́ fún ọ láti bí oṣù mẹ́rin. Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo rò pé ó jẹ́ kí n fi hàn ọ́. Mo rí i lónìí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n má fi hàn ọ́.” Mo kà á sókè, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa láti máa kàwé. Màmá mi kí Ìyá. Wọ́n ní àwọn ti lọ́kọ, òṣìṣẹ́ rélùwéè, èèyàn jẹ́jẹ́. Wọ́n ní àwọn ti lóyún. Wọ́n ní ọkọ ò mọ̀ pé àwọn ti bímọ rí, kí Ìyá jọ̀wọ́ bá àwọn tọ́jú ọmọ náà, kí wọ́n má sì jẹ́ kó kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì yìí. Mo kà á dé ìparí, mo ka orúkọ tí wọ́n fi buwọ́ lù ú, orúkọ ọkọ tuntun wà nínú rẹ̀. Ó ní ohun kan tí mò ń wá nínú ìwé náà tí mi ò rí. Mo tún padà sókè, mo wá a. Kò sí orúkọ mi níbẹ̀. “Ọmọ náà” ni wọ́n kọ.

“Ṣé wọn ò ní wá mọ́, mà?”

“Wọn ò ní wá. Irun kọ́ ló ń mú èèyàn wá, Àjọkẹ́. Tó bá jẹ́ irun ni, bí o ṣe tọ́jú ẹ̀ yìí, wọ́n ti dé tipẹ́.”

Mi ò sunkún. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn sọ pé ọmọ tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn á ké títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi ò ké. Ohun tí mo rántí ni pé ebi ń pa mí, ojú sì ń tì mí pé ebi ń pa mí. Ìyá fi sísọ́ọ̀sì tún orí mi gé kó dọ́gba, wọ́n fi ìwọ̀n èékánná àdín ra á, wọ́n ra á pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n kẹ́yìn sí mi, wọ́n sì tú gèlè wọn. Irun wọn funfun, ó fẹ́lẹ́, ó ń já láàárín orí níbi tí wọ́n ti ń ru igbá láti kékeré. Ó gbẹ bí òwú tí wọ́n gbàgbé sóòrùn. Obìnrin tó mọ epo tó tọ́ sí orí gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó ń fi epo kan orí wọn. Ẹ mọ̀ pé àgbà kì í gbé orí rẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀ dénú. “Tọ́ ọ wò,” wọ́n wí, “kó o sọ èyí tó bá a mu fún mi.” Mo fi omi díẹ̀ tọ́ ọ, mo fi ìka méjì ra á. Mo ní òrí ni. “Kí ló dé tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?” Mo ní ó ń mumi bí iyanrìn. Wọ́n mi orí lábẹ́ ọwọ́ mi. “Ìwọ ni wàá máa ṣe é.”

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ̀, bó rí itan gbórí lé, ó ṣì máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò lóde. Ọdún púpọ̀ ni mo fi ń wo ẹni tó bá gbé báàgì sọ̀ lójú ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, nígbà tí àwọn ìyá ilé bá tẹ́ ẹní sí kọ́rídọ̀, èmi náà á tẹ́ tèmi, Ìyá Aládìn á gbé orí lé itan mi, arúgbó lórí itan ọmọdé, àwọn èèyàn á sì máa fi wá rẹ́rìn-ín. Màmá Ẹ̀bí máa ń béèrè lọ́wọ́ wa pé, “Nínú yín, who born who?” Mo máa ń gbá Ìyá lórí díẹ̀ pé kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́.

Mo ti pé ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀ nígbà tí wọ́n kú, nínú oorun, tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. A sin wọ́n tán, ẹbí jókòó láti pín ohun tí wọ́n ní. Ìkòkò irin lọ sọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò wọn ọkùnrin ní Àgbádárìgì. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tajà bọ́ sọ́wọ́ Màmá Ẹ̀bí, torí Ìyá ti sọ ọ́ lójú àwọn ẹlẹ́rìí pé obìnrin tó bá ti jẹ́ kí ẹja jóná nítorí ẹ̀rín yẹ lẹ́ni tó ń ní ìsọ̀. Mo jogún orí àwọn èèyàn: gbogbo oníbàárà, títí kan Ìyáàfin Káyọ̀dé tí irun wọn ti hù padà, tí kò sì sí wíìgì lórí tábìlì wọn mọ́. Àpótí aṣọ ló kù, òfì àti dàmáskì, ìyẹn sì tọ́ sí ọmọ àbúrò Ìyá. Màmá mi nìyẹn. Wọ́n ti wá láti Kàdúná fún ìsìnkú náà pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì tó jọ wọ́n. Wọ́n fi mí han àwọn ọmọ náà pé ẹbí ni mo jẹ́. Wọ́n gbé àpótí náà síta, màmá mi dúró tì mí níwájú ilé nígbà tí wọ́n ń retí takisí. Wọ́n wo orí mi. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka méjì fọwọ́ kan irun mi, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tó ń wo ọjà.

“Irun ẹ mà rọ̀ o,” wọ́n wí. “Ó ń dán. Epo wo lò ń lò?”

Mo ní, “Àdín àgbọn ni, mà.” Mo wọlé, mo mú igo kan wá fún wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì wọ takisí.